Mi Ò Ní Yọ Ọ́: Mẹkáníìkì Kan àti Ọkọ̀ Tó Ń Gòkè

Ọmọ mi obìnrin, Ràfíátù, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ tó ń jáde ilé ẹ̀kọ́ ní Ṣakí níbí ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n máa kọ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí kí n ki iṣẹ́ mẹkáníìkì bí ẹni ń ki ìyàwó tuntun, kó yáa pa ìwé yìí dé. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi wà lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, Làmídì Olórí-kunkun ni wọ́n ń pè mí. Mo ń jẹ́ orúkọ náà títí dòní, kò sì dùn mí rárá.

Okaka ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé àgbẹ̀ oníṣu àti ọlọ́kà. Àgbẹ̀ ni bàbá mi fẹ́ kí n dà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló ba ètò náà jẹ́. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló máa ń gba ẹ̀gbẹ́ oko wa kọjá, èmi a sì fi ọkọ́ sílẹ̀, n ó máa tẹ́tí sí i bó ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lẹ́yìn odò. Kó tó dé ìdajì ni mo ti máa ń mọ̀ bóyá yóò gùn ún tàbí kò ní gùn ún. Lọ́jọ́ kan bàbá mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé etí lo fẹ́ máa fi jẹun ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n nà mí. Àmọ́ nígbà tí a kórè tán, àwọn náà ló mú mi dé Ṣakí tí wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Búrẹ́mọ̀ lọ́wọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ nípa owó àti iye ọdún, mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì bèèrè.

Ọ̀gá Búrẹ́mọ̀ kì í pariwo. Ìyẹn gan-an ló le nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀gá míì á bú ọ, á ju sípánà lù ọ́, ìbínú rẹ̀ á sì tán. Tiwọn, wọ́n á kàn dúró lẹ́yìn rẹ, o ò ní gbọ́ ìmí wọn pàápàá. Bí o bá so ẹ́ńjìnnì pọ̀ tán tí bóòtù kan ṣẹ́kù sórí aṣọ tí a ń tò wọ́n sí, wọn ò ní bi ọ́ léèrè ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa sọ: "Tú u." Mo ti tú odindi ẹ́ńjìnnì nítorí irin pelebe kan tí kò ju èékánná lọ. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, àwẹ̀ sì wà lẹ́nu mi. Nígbà tí mo tún un so tán, mo bi wọ́n pé ṣé irin kékeré yẹn lè ṣe nǹkan kan ni. Wọ́n ní, "Làmídì, ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí kò ya wèrè. Gbogbo ohun tó fi síbẹ̀ ló nídìí. Bí o ò bá mọ ìdí rẹ̀, dákẹ́, kí o dá a padà síbi tí o ti rí i."

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ wá ọ̀gá tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín. Èmi rí irú rẹ̀, mo sì tún tàpá sí i. Ẹ jẹ́ kí n débẹ̀.

Òkè kan wà, lójú ọ̀nà tó yà kúrò ní títì Ìsẹ́yìn, tó lọ sí abúlé kan lórí àpáta. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní Máṣedúró, nítorí ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ẹ̀yìn ni yóò gbà lọ. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá ti kọ́ wa ní ohun tí kò sí nínú ìwé. Wọ́n á kó wa lọ sí ìsàlẹ̀ òkè náà lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á ní ká dijú, ká sọ ohun tí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ń wí. Bí awakọ̀ bá fi jíà ńlá gòkè, ẹ́ńjìnnì á máa kérora bí ẹni tí wọ́n gbé àpò ìrẹsì méjì lé lórí. Bí jíà bá kéré jù, á máa ké tantan, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Jíà tó yẹ ẹ́ ní ohùn tirẹ̀: kì í kérora, kì í ké, ó kàn ń lọ. "Kí o tó dé ìdí òkè ni kí o ti yan jíà rẹ," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Jíà tí o bá sì fi gòkè ni kí o fi sọ̀kalẹ̀." Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà sí fírì bí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀, kí dísù, epo ọkọ̀, má baà tán. Dísù kì í tán lóòótọ́. Bíréèkì ló máa ń tán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ṣẹ́ títí mo fi gba fírídọ̀mù. Ẹ wò mí nígbà yẹn! Mo ń gbé àyà síwájú bí àkùkọ tó kọ́kọ́ kọ. Mo ta páánù mẹ́rin sórí igi ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìsẹ́yìn, mo pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà mi àkọ́kọ́ ni Kàrímù, ọ̀rẹ́ mi láti Okaka, tó ra bọ́ọ̀sì kan tó ń fi kó èrò àti iṣu. Àbúrò rẹ̀, Múrí, ni kọ̀ńdọ́ rẹ̀. Múrí máa ń fi orin pe èrò, àwọn ìyá ọlọ́jà a máa dúró de ọkọ̀ tiwọn nítorí ẹnu rẹ̀.

Ní àsìkò náà, ọ̀rọ̀ kan gbòde láàárín àwa mẹkáníìkì. Wọ́n ní nǹkan kan wà lẹ́nu ọ̀nà omi nínú ẹ́ńjìnnì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ tẹmosítáàtì, pé òun ló ń dí omi lọ́wọ́ tí ọkọ̀ fi ń gbóná. Wọ́n ní òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n ṣe é fún, kí la fẹ́ fi ṣe ní Òkè-Ògùn tí oòrùn ń yan orí èèyàn? Kàrímù gbọ́ ọ ní gáréèjì. Ó wá bá mi.

"Làmídì, ṣé o mọ̀ ọ́n yọ?"

Ẹ̀yin ọmọ, ìbéèrè yẹn ti pa èèyàn púpọ̀. Kò bi mí bóyá ó yẹ ká yọ ọ́. Ṣé mo mọ̀ ọ́n yọ ló bi mí. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ọ̀gá, mo gbé e tì. Mo ní, "Kí ló le níbẹ̀?" Kò tó ìdajì wákàtí tí mo fi yọ ọ́, mo sì sọ ọ́ sínú igbó lójú Kàrímù, kó lè rí i pé ọ̀gá ni mo dà.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ náà ń sáré láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn láìsí wàhálà. Kàrímù ń yìn mí káàkiri, oníbàárà sì ń pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ ọjà kan, wọ́n kó iṣu àti èrò kún inú bọ́ọ̀sì, wọ́n kọrí sí Máṣedúró. Wọ́n dé ìdajì òkè, omi hó, ooru bo gíláàsì iwájú, ẹ́ńjìnnì há, ó kú. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú, bíréèkì irú ọkọ̀ yẹn á le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn lọ. Gbogbo kọ̀ńdọ́ ìgbà yẹn ló ní wéèjì, pákó onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń há táyà ẹ̀yìn lórí òkè. Múrí bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wéèjì rẹ̀, ó sáré, ó ki í bọ abẹ́ táyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ náà dúró. Wéèjì ló dá a dúró, pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún Múrí.

Èrò kankan ò kú. Ẹsẹ̀ Múrí ni wọ́n gé ní ọsibítù, láti orúnkún wálẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀. Mi ò lè wọlé. Àwọn àgbà ilé wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ní kí n má sunkún mọ́, kádàrá ni, àmúwá Ọlọ́run ni. Inú bí mi. Mo bínú sí ara mi, mo bínú sí wọn, mo bínú sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Kádàrá ò mú sípánà lọ́wọ́. Èmi ni mo mú un." Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Èmi náà ò tíì mọ̀ dájú pé ohun tí mo yọ ló fà á. Ọkàn mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá Búrẹ́mọ̀. Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí, mo tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbá mi. Wọ́n ní kí n wọ́ ẹ́ńjìnnì náà wá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u, wọ́n jókòó sórí táyà, wọn ò bá mi dá sí i. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní kí n da omi gba ibi tí omi ń gbà, kí n wo ibi tó ń jáde sí. Mo da á. Mo tún un dà. Ìgbà náà ni ojú mi là.

Ọ̀nà méjì ni omi ní nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà gígùn gba inú rádíétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ẹ tutù. Ọ̀nà kúkúrú yí padà sínú ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ooru rẹ̀. Tẹmosítáàtì ni oníbodè tó jókòó sí oríta méjèèjì. Bí omi bá gbóná tó, ó ń ṣí ọ̀nà gígùn, ó sì ń ti ọ̀nà kúkúrú pa. Bí ẹ bá lé oníbodè yẹn lọ, ọ̀nà méjèèjì á ṣí sílẹ̀, omi kì í sì í gba ọ̀nà jíjìn nígbà tí ọ̀nà ìtòsí bá wà. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ ò ní mọ̀, torí ẹ́ńjìnnì ò ṣe wàhálà. Lórí òkè tí ẹ́ńjìnnì ti ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ ò sáré tó láti rí afẹ́fẹ́, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú.

Ọ̀gá dìde lórí táyà. Wọ́n ní, "O ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí." Wọn ò sọ nǹkan míì mọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi kú.

Mo padà sọ́dọ̀ Múrí, mo sọ fún un lójú Kàrímù àti lójú ìyá wọn. Kàrímù sunkún. Ó ní òun ló ní kí n ṣe é. Mo ní rárá, ìwọ kì í ṣe mẹkáníìkì. Múrí wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí mọ́. Ó ní, "Ìwọ lo yọ ọ́? Ó dáa. Má yọ ti ẹlòmíì." Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú máṣíìnì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, ẹnu rẹ̀ sì tún padà dùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ran ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àtìgbà náà ni ogun mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá pé kí n yọ tẹmosítáàtì, mo máa ń ní mi ò ní yọ ọ́. Ẹni tó bá ní kí n gé wáyà géèjì tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn, kí èrò má baà rí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n pariwo, mo máa ń ní mi ò ní gé e. Alhaji kan wà tó ní bọ́ọ̀sì márùn-ún, gbogbo wọn lọ́dọ̀ mi. Ó wá lọ́jọ́ kan.

"Bàbá Ràfíátù, ọkọ̀ ta nìyí?"

"Ọkọ̀ yín ni, Alhaji."

"Kí ni mo ní kí ẹ ṣe?"

"Ẹ ní kí n yọ ọ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò yọ ọ́?"

Mo ní, "Alhaji, ẹsẹ̀ èèyàn kì í hù padà."

Kò yé e. Ó kó ọkọ̀ márààrún lọ kí oòrùn tó wọ̀. Bí mo ṣe ń pàdánù wọn nìyẹn, lọ́kọ̀ọ̀kan àti lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọdún wà tó jẹ́ iṣu oko la fi jẹun nílé mi, ṣọ́ọ̀bù kàn wà níbẹ̀ ni. Ìyàwó mi máa ń ní, "Ṣé nítorí irin kan tí kò tó ẹyin adìẹ?" Mo ní òun gan-an ni. Bí mo bá sì tún ayé wá, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe é.

Ẹ má rò pé mo kórìíra ohun tuntun o. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sukudiráfà gígùn tí mo ń fi ìdí rẹ̀ sétí, tí mo ń fi ẹnu rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, kí n lè gbọ́ ibi tó ti ń ké. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń lo kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ mi sá fún un, wọ́n ní òyìnbó ti fi àǹjọ̀nnú sínú ọkọ̀. Èmi ra ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, Ràfíátù sì kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. Ohun rere ni. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi í sí ọkọ̀ kan, ó kọ ọ́ síta pé omi gbóná. Mo ní mo ti mọ̀, kí ló dé tó fi gbóná? Ó dákẹ́. Ràfíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ náà, ẹ̀yin ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má ta etí yín láti fi rà á.

Orúnkún ló lé mi kúrò lábẹ́ ọkọ̀ nígbẹ̀yìn. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo padà sí oko kékeré kan lẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó ti tán.

Lọ́dún tó kọjá ni Màmá Nọ́ọ̀sì wá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òkè òkun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń padà bọ̀, ó gbé ọkọ̀ kan wá nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ni, táyà ló kàn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù onígáàsì wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, táǹkì omi ńlá wà. Ìyàwó mi wọ inú rẹ̀, kò fẹ́ jáde mọ́. Ó ní yàrá tí òun ń gbé láti ọjọ́ yìí kò tó èyí. Màmá Nọ́ọ̀sì fi í ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń wo ìfúnpá àwọn arúgbó, ó ń tọ́jú aboyún, bílẹ̀ bá sì ṣú, inú rẹ̀ ló ń sùn. Fúnra rẹ̀ ló ń wà á. Abúlé kan ṣoṣo ló kọ̀ fún un: èyí tó wà lórí Máṣedúró.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dé ìdí igi irúgbá tó wà láàárín òkè yẹn," ló sọ. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lomi hó tí mo fi ẹ̀yìn rìn sọ̀kalẹ̀. Aboyún mẹ́fà ló wà lókè ńbẹ̀. Wọ́n máa ń gbọ́ ìró ọkọ̀ mi, wọ́n á jáde síta, lẹ́yìn náà wọn ò ní gbọ́ ọ mọ́."

"Ta ló ti bá yín wò ó?"

"Mẹkáníìkì mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ rádíétọ̀. Èkejì fi fáànù míì kún un. Ẹ̀kẹta ní ọkọ̀ náà wúwo jù fún ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí n tà á. Ọkùnrin kan ti fẹ́ rà á ní Ṣakí, ó fẹ́ fi ṣe ilé ìtajà. Bí kò bá gòkè lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, màá tà á fún un."

"Ta ló yọ tẹmosítáàtì?"

"Kí nìyẹn?"

Mo dìde, mo gbàgbé pé orúnkún ń dùn mí. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo tú ẹnu ọ̀nà omi. Òfo! Wọ́n ti yọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìbínú ló wà nínú ẹ̀rín náà.

Gbogbo ilé ìtajà ohun èlò ọkọ̀ ní Ṣakí ni mo dé, kò sí ẹni tó ní i. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ta ló ń rà á?" Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ná ọjà ní orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà la ti rí i. Mo gbé ìkòkò omi kaná, mo so tẹmosítáàtì náà mọ́ òwú, mo tẹ̀ ẹ́ sínú omi náà láti wò bóyá yóò ṣí. Ìyàwó mi wọlé.

"Bàbá Ràfíátù, ṣé ẹ fẹ́ sè é jẹ ni?"

"Ó ń ṣí! Wá wò ó!"

"Ó yẹ kó ṣí. Ìkòkò ọbẹ̀ mi ni."

Mo sọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì pé kó da ìdajì omi táǹkì nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ lórí òkè. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ọ̀gbẹlẹ̀ ti gbẹ kànga wọn lókè yẹn. Ṣé ọwọ́ ìdọ̀tí lẹ fẹ́ kí n fi gbẹ̀bí?" Mo ti bá olórí-kunkun ẹgbẹ́ mi pàdé.

Wàsíù, alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, gbọ́. Òun ni mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tó pààrọ̀ rádíétọ̀. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi dé ibi tó mọ. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ ti dá nǹkan yẹn padà sínú ọkọ̀ Màmá."

"Mo ti dá a padà."

"Mo yọ ọ́ kí ara lè tu ọkọ̀ náà ni. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, Bàbá, ẹ sinmi. Bí ẹ́ńjìnnì yẹn bá jóná lórí òkè, gbogbo Òkè-Ògùn ló máa gbọ́ pé ọwọ́ yín ló jóná sí, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ wa tó máa fọwọ́ kàn án mọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Àmọ́ gbígbọ́ ò tó ọ. Ìwọ náà wá bá wa gùn ún, kí o wá wò ó fúnra rẹ."

Kò rò pé mo máa sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alága ni, ojú ń wò ó. Ó ní òun máa wá.

Lówùúrọ̀ Àlàmísì, Màmá Nọ́ọ̀sì jókòó sídìí ọkọ̀, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Wàsíù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, ó káwọ́ sáyà. Táǹkì omi kún. Mo ti gbé wéèjì méjì sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bísímílà. Kí a tó dé ìdí òkè, mo ní, "Jíà kejì, Màmá. Ẹ má yí i padà, ẹ má sì sáré. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

A bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Mo dijú díẹ̀, mo fetí sí i. Kò kérora, kò ké. Mo lajú, mo wo géèjì. Abẹ́rẹ́ ti dé àárín, ó ń gòkè sí i.

"Ó ti ń gbóná," ni Wàsíù wí láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀rù bà mí. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ogójì ọdún ni mo ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì tíì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gun òkè yẹn láti ọjọ́ Múrí. Bí mo bá ṣìnà, obìnrin yìí ló wà nídìí ọkọ̀, ilé rẹ̀ sì ni mo fi ń dán an wò. Igi irúgbá náà yọ sí wa. Abẹ́rẹ́ ti fẹ́ kan ilà pupa. Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ tó ń mú ọkọ̀ sáré.

"Ẹ má dúró!" ni mo kígbe. "Ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú ọkọ̀. Ẹ tan án dópin!"

"Ooru?"

"Ooru! Ara omi ẹ́ńjìnnì ló ti ń mú un. Ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

Ó tan án. Láàárín oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ooru sí wa lójú bí ààrò. Òógùn bò wá. Wàsíù ń pariwo lẹ́yìn, "Bàbá, ẹ fẹ́ sè wá ni! Ẹ fẹ́ pa wá!" Mo ní kó bọ́ fìlà rẹ̀. Igi irúgbá kọjá lápá òsì wa. Mi ò wò ó, abẹ́rẹ́ ni mò ń wò. Ó dúró. Ó gbọ̀n díẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi padà dé ìtòsí àárín, ó sì jókòó síbẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì kò yí padà. Omijé bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé òógùn ti bo ojú mi.

A dé orí òkè. Àwọn obìnrin ti jáde síta, àwọn kan gbé ọwọ́ lé inú, wọ́n ń wo ojú ọ̀nà bí ẹni pé wọn ò gbà pé òun nìyí. Màmá Nọ́ọ̀sì ò kí wa, kò dúpẹ́, ó ti gbàgbé wa. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ẹnu táǹkì, ó ń fọ ọwọ́ rẹ̀.

Wàsíù lọ sí iwájú ọkọ̀. Mo tẹ̀lé e. Ó fi ọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè rádíétọ̀, ó yára gbé e kúrò. Ó kan ti ìsàlẹ̀, ó lè dì í mú. Ó wá kan họ́ọ̀sì kékeré tó jẹ́ ọ̀nà kúkúrú, omi kò gba inú rẹ̀. Mẹkáníìkì ni, kò sí ohun tí mo ní láti ṣàlàyé fún un. Ó kó fìlà rẹ̀ mọ́wọ́, ó wo òkè tí a gùn wá, lọ dé ìsàlẹ̀ níbi tí títì ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Bàbá," ó ní, "mi ò mọ iye tí mo ti yọ."

Mo ní, "Èmi mọ iye tí mo yọ. Ẹyọ kan ni."

Ó fa fóònù yọ lápò. Ó pe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó fẹ́ kó àwọn ọmọ gòkè lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ṣé ẹ ti yọ tẹmosítáàtì rẹ̀?" Ó gbọ́ èsì. Ó jókòó sílẹ̀ lórí àpáta, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀. "Níbo lẹ jù ú sí? Ẹ lọ tú pàǹtí náà. Mo ní kí ẹ tú u, kí ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ̀ yẹn títí n ó fi dé."